Ẹ̀rọ Ìbánisọ̀rọ̀ Tí Agbára Ìlú Kékeré Ká

Ẹ̀yin òǹkàwé wa kò ní í ṣàìrántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun wá já ní ẹ̀bá Abidjan, tí àwọn ilé ìfowópamọ́ kan kò sì lè dá oníbàárà wọn lóhùn ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook àti WhatsApp dákẹ́ fún bíi wákàtí 6 káàkiri ayé. Ní ọjọ́ náà, akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ fi WhatsApp kéde ìpàdé fún ará àdúgbò rẹ̀ kò rí i kéde, bẹ́ẹ̀ bí ó bá dúró ní ẹnu ọ̀nà tí ó sì kígbe, ìdajì wọn ìbá gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ń kọ wá lóminú. Ìkéde tí kò ju ti àdúgbò kan lọ ní láti gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ òkè òkun kọjá kí ó tó dé etí aládùúgbò. Àwa kò wí pé kí a pa irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ tì. Àwa pẹ̀lú ń lò ó. Ohun tí a ń wí ni pé ó yẹ kí ìlú kékeré ní tirẹ̀ pẹ̀lú, kí ó sì jẹ́ èyí tí kò béèrè ìtọ́jú ojoojúmọ́.

Àwọn kan ti ṣe é. Ní Talea de Castro, ìlú kékeré kan ní Oaxaca ní ilẹ̀ Mexico, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá kò fẹ́ dé ibẹ̀ nítorí pé èrè kò ní í tó. Ní ọdún 2013, àwọn ará ìlú náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ Rhizomatica, gbé ẹ̀rọ tẹlifóònù tiwọn kalẹ̀. Kí ìpè má baà pọ̀ ju agbára ẹ̀rọ lọ, a fi ìṣẹ́jú 5 ṣe òpin ìpè kan. Ní ọdún 2016, ìjọba Mexico fún ẹgbẹ́ tí irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìwé àṣẹ.

Èyí tí ó wù wá jù ni ti Mankosi, ní Eastern Cape ti South Africa. Láti ọdún 2012 ni àwọn ará ibẹ̀ àti Yunifásítì Western Cape ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Zenzeleni, èyí tí í ṣe "ẹ ṣe é fúnra yín" ní èdè Xhosa. Iná mànàmáná kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Agbára oòrùn ni wọ́n fi ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ nínú ilé àwọn ará ìlú. Kíá ni wọ́n rí i pé bátìrì kan náà lè ṣáàjì tẹlifóònù aládùúgbò, àwọn ènìyàn sì ń sanwó díẹ̀ fún un. Ẹ̀rọ tí a gbé wá fún ọ̀rọ̀ sísọ ń ti ara iná rẹ̀ pa owó!

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Àwa tìkára wa ti rí ìlú tí a gbé ẹ̀rọ fún pẹ̀lú ìlù àti ijó, tí kò pé ọdún méjì tí ó fi di ibùsùn adìyẹ, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe ti lọ sí Èkó.

Kọ̀ǹpútà kan wà tí a ń pè ní Raspberry Pi, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju káàdì báǹkì lọ, tí kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Bí a bá gbé e sí gbọ̀ngàn ìlú, tẹlifóònù tí ó wà nítòsí lè ka ìkéde ìlú lórí rẹ̀, àní bí íntánẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ sí. Pẹ̀lú Kiwix, a lè kó Wikipedia èdè Yorùbá sínú rẹ̀. Káàdì tí ó ń tọ́jú ìwé inú rẹ̀ ni ó sábà máa ń bàjẹ́. Nítorí náà kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ̀dà náà sì wà ní ilé mìíràn.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ó bá fẹ́ dáwọ́ lé irú iṣẹ́ yìí, kí wọ́n kọ́kọ́ yan ọ̀dọ́ mẹ́ta tí ń gbé nílé, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, kí ó sì tò ó padà níṣojú ìjókòó, kí a tó dá ọjọ́ ìṣílé rẹ̀.