Ìwé Owó Orí Tábìlì àti Ìwé Owó Ojú Sánmà

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláṣọ kan ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. N kò dárúkọ rẹ̀, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá ń nájà níbẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, kò sí yáàdì léèsì kan tó jáde tí kò ṣojú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì lẹ́yìn káńtà, sọ́fítíwià akáǹtì wà nínú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì ń tẹ̀ ẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń palẹ̀ ọjà mọ́, màmá á béèrè pé, "Èló la tà lónìí?" Ọmọ á tẹ nǹkan méjì mẹ́ta, á dá a lóhùn, wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á gbalé lọ.

Òwò gbèrú. Ṣọ́ọ̀bù kejì dé sí Abẹ́òkúta, ẹ̀kẹta dé sí Balógun l'Ékòó. Kọ̀ǹpútà kò kúrò lórí tábìlì. Abẹ́òkúta ń kọ tirẹ̀ sínú ìwé, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ti Èkó ń bá ẹni tó bá ń bọ̀ n'Ìbàdàn wálé. Ní ìparí oṣù, ọmọ á jókòó ti gbogbo rẹ̀, á máa tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tó ṣe é tán, oṣù tuntun á ti jẹ ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá ò béèrè iye tí wọ́n tà lónìí mọ́. Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn.

Irú ìyá yìí ni wọ́n ń sọ fún pé kó gbé akáǹtì rẹ̀ lọ sórí cloud, ìyẹn ojú sánmà. Ṣé kó gbé e lọ ni, àbí kó jẹ́ kó wà níbi tó wà? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ ká gbé méjèèjì lé ìwọ̀n.

Ìwé orí tábìlì ni sọ́fítíwià tí a rà, tí a gbé sínú kọ̀ǹpútà tiwa. Àwọn akáńtáǹtì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ṣì ń pe ọ̀kan nínú wọn ní Peachtree, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ Sage ti rà á tipẹ́, tí wọ́n sì ti sọ ọ́ di Sage 50. QuickBooks Desktop náà jẹ́ ọ̀kan. Ọjà tó wọlé, owó tó jáde, orúkọ àwọn tó jẹ wá lówó, inú ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo wọn ń sùn. Bí èèyàn méjì bá fẹ́ lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sábà máa ń so kọ̀ǹpútà méjèèjì pọ̀ nínú ilé kan náà ni.

Ìwé ojú sánmà ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ ló ga, òun fúnra rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. Ilé ràgàjì kan ni, tó kún fún kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kì í sinmi. Ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ yín ń gbé, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yòówù tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì sì lè dé ibẹ̀. QuickBooks Online, Zoho Books, àti Xero tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New Zealand lọ́dún 2006, wà lára wọn. Ti àkọ́kọ́ dà bí ilé tí a kọ́, ti èkejì dà bí ilé tí a háyà. Ohun tó dùn àti ohun tó korò nínú ilé méjèèjì, ẹni tó ti gbé inú wọn rí mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ń ba ọlọ́jà lẹ́rù jù: iná àti omi. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn. Ní oṣù kẹjọ 2011, àgbàrá tún ya wọ ìlú náà. Ní ọjọ́ 5, oṣù kọkànlá, 2019, iná jó ní Balógun l'Ékòó. Bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ọjà tó ṣòfò nìkan ni aráyé ń kà. Aṣọ tó jóná, a lè tún un rà. Ìwé àwìn tó jóná, onígbèsè nìkan ló kù tó mọ iye tó wà nínú rẹ̀. Ibí yìí ni ìwé ojú sánmà ti ju ti orí tábìlì lọ: ṣọ́ọ̀bù lè jó, ìwé kò sí níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá ń fi fúláàṣì gba ẹ̀dà lálaalẹ́, tó ń gbé e lọ sílé, ti gba ara rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń ṣe é? Fúláàṣì ọ̀pọ̀ wa ń bẹ nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì kan náà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ojú, òun ló sì wúwo jù nínú gbogbo ohun tí a fẹ́ wọ̀n. Ìwé orí tábìlì ń fẹ́ kí olówó wà níbi tábìlì. Ìwé ojú sánmà kò béèrè ibi tó wà. Bí ọmọ ìtajà Abẹ́òkúta bá ta yáàdì mẹ́wàá ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé, màmá á rí i lórí fóònù ní Gbági kó tó mu ẹ̀kọ tán. Akáńtáǹtì náà á rí i láti ilé rẹ̀. Bí aláwọ̀ búlúù bá tán ní Balógun, wọ́n á rí i pé ó ṣì kù ní Abẹ́òkúta, wọn ò ní lọ fi gbèsè ra òmíràn. Nígbà tí owó orí ọjà (VAT) kúrò ní 5% bọ́ sí 7.5% ní oṣù kejì 2020, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní ibi mẹ́ta láti tún ṣe. Ẹni tí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ń lo ìwé kan lójú sánmà ní ibì kan.

Ohun mìíràn ni pé kọ́kọ́rọ́ kálukú yàtọ̀. Ọmọ ìtajà lè já rìsíìtì kó má rí èrè. Máníjà lè rí ọjà ẹ̀ka tirẹ̀ kó má rí ti ẹ̀ka kejì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì yí iye padà, ẹ̀rọ á kọ orúkọ rẹ̀ àti wákàtí tó ṣe é sílẹ̀. Sọ́fítíwià orí tábìlì náà lè ṣe díẹ̀ nínú èyí, àmọ́ níbi tí gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù ti ń lo pásíwọ́ọ̀dù kan, ta ni ẹ̀rọ fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀? Àwọn àgbà ní ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni. Ohun tí à ń sanwó fún lójú sánmà gan-an ni pé ojú ẹni gùn sí i.

Bó bá wá kan owó, ìwọ̀n náà yí padà. Ìwé orí tábìlì láyé àtijọ́, ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, ó di tiyín. Ti ojú sánmà, owó oṣù ni, kò sì lópin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń fi dọ́là pe owó. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi ₦460 lọ ní iye tí ìjọba fi ń ṣẹ́ ẹ. Nígbà tí 2024 ń parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ká ní 20 dọ́là ni owó oṣù yín. Ohun tí ẹ ń fi nǹkan bíi ₦9,200 san tẹ́lẹ̀ ti di ohun tó ju ₦30,000, láìjẹ́ pé onílé fi kọ́bọ̀ lé owó ilé. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan ti ń ṣe tiwọn, wọ́n sì ń fi náírà gba owó, àmọ́ kí ẹ wò ó dáadáa bóyá akáǹtì ni wọ́n ń ṣe tàbí rìsíìtì lásán.

Síbẹ̀, kí ẹni tó kọ́ ilé tirẹ̀ sórí tábìlì má yangàn jù. Intuit tó ń ṣe QuickBooks dá títa QuickBooks Desktop Pro Plus àti Premier Plus fún oníbàárà tuntun dúró ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, 2024. Ilé ẹni ni ilé ẹni, ṣùgbọ́n bí bírikìlà tó mọ ilé náà bá ń kó kúrò ní àdúgbò, ta ni yóò tún un ṣe bó bá sán?

Ẹ jẹ́ ká tún wo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, 2024, àwọn wáyà ńlá tó gba ìsàlẹ̀ òkun gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà já ní etíkun Abidjan: MainOne, WACS, ACE àti SAT-3. Báǹkì ń ṣe ségesège, tiránsífà ń há. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì á máa bá iṣẹ́ lọ níwọ̀n ìgbà tí epo bá wà nínú jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó wà lójú sánmà á máa wo fóònù bí ẹni tó ń wo ọ̀nà àlejò. Ẹ̀gbẹ́ kejì náà ní tirẹ̀: lọ́jọ́ tí kò síná, tí epo ò sì sí, kọ̀ǹpútà orí tábìlì ti di pákó, fóònù ṣì lè ní bátìrì. Ibi yòówù kí ìwé yín wà, kí búkù rìsíìtì má kúrò lábẹ́ káńtà.

Olè náà pín sí méjì. Olè ìwé orí tábìlì gbọ́dọ̀ já ilẹ̀kùn. Olè ìwé ojú sánmà kò nílò ju pásíwọ́ọ̀dù yín lọ, ibi yòówù kó wà láyé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ní kí á ti ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì: pásíwọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà nọ́ńbà tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nítorí pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń bá òun tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà, ọrùn òun ti bọ́. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní oṣù kẹfà 2023 kò yọ ẹni tó gba orúkọ náà sílẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 sì ní kí ilé-iṣẹ́ tọ́jú ìwé ìṣirò fún ọdún mẹ́fà. Ayálégbé tó bá dá owó oṣù dúró lè bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà ní ọdún kẹta. Ẹ máa gba ẹ̀dà ìwé yín jáde lóṣooṣù, kí ẹ fi pamọ́ síbi tí kò sí lọ́wọ́ onílé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìwé méjèèjì kò lè ṣe. Tí a bá fẹ́ yin ẹni tí orí rẹ̀ pé, a máa ń fi Alájọ Ṣómólú wé e. Wọ́n ní orí ló fi ń mọ iye tí kálukú dá, kò sì sí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ inú rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Bí ọmọ ìtajà bá ta yáàdì mẹ́wàá tó tẹ mẹ́jọ, ìwé orí tábìlì á gba mẹ́jọ, ti ojú sánmà náà á gba mẹ́jọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìlú mẹ́ta ló máa rí irọ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o; kí á gbé e lọ sójú sánmà ò sọ itọ́ di sìmẹ́ńtì.

Ìdí nìyí tí kíkó lọ fi ní àsìkò. Ìparí ọdún ló dára jù, nígbà tí a ti pa ìwé dé. Ẹ ka ọjà tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ pe àwọn onígbèsè, kí iye ọwọ́ yín àti iye ọwọ́ wọn bára mu. Ẹ wo ìwé dáadáa: ẹ lè bá a pé Ìyá Ìbejì, Màmá Ìbejì àti Alájà Ìyá Ìbejì, ẹnì kan náà ni wọ́n, orúkọ mẹ́ta ló fi ń jẹ gbèsè. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi iye tó kù bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun. Ẹ lo méjèèjì pọ̀ fún oṣù kan tàbí méjì. Ìgbà tí ìdáhùn wọn bá dọ́gba ni kí ẹ tó fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì pa á rẹ́.

Ta ni kó wá lọ, ta ni kó dúró? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi iye owó dáhùn: òwò ńlá kó lọ, òwò kékeré kó dúró. Èmi ò gbà. Alátapọ̀ tó ń pa mílíọ̀nù mílíọ̀nù nínú ṣọ́ọ̀bù kan, tó ń jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó sì ń gba ẹ̀dà ìwé rẹ̀ lọ sílé, ìwé orí tábìlì ṣì tó o. Ẹni tó ń ta páátì ọ̀kadà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, tí èrè rẹ̀ kò tó nǹkan, ti nílò ojú sánmà láti àná. Ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: bí ẹsẹ̀ kò bá lè yí gbogbo ibi tí owó yín wà ká láàárín ọjọ́ kan, ẹ jẹ́ kí ojú yín dé ibi tí ẹsẹ̀ ò lè dé.

Ìyá aláṣọ Gbági, kó kó lọ. Kó ṣírò owó oṣù náà mọ́ owó ṣọ́ọ̀bù, kó fi búkù rìsíìtì sí ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó sì fún ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn tó yàtọ̀ sí títẹ fọ́tò WhatsApp sínú kọ̀ǹpútà. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ti parí rẹ̀, tí wọ́n ń palẹ̀ ọjà mọ́, kó dúró díẹ̀ kó tó tilẹ̀kùn, kó béèrè ìbéèrè rẹ̀ àtijọ́: "Èló la tà lónìí?"