Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìgbà wo ló dára láti gun òkè omi Olúmirìn?

Ìpele méje ni omi yìí fi ń já wálẹ̀ láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá gùn ún dókè pátápátá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Èkìtì.

Lásìkò òjò, omi á pọ̀ yanturu, àpáta á sì máa yọ̀ bí ilá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà á gbẹ, ṣùgbọ́n omi á fà. Èmi fara mọ́ oṣù kọkànlá: òjò ti ń dáwọ́, omi ò sì tíì fà tán. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílípáàsì sílé!)

Bí òjò bá ṣú lórí òkè, ẹ tètè jáde nínú omi, bí oòrùn tiẹ̀ ń ràn níbi tí ẹ wà. Àgbàrá òkè kì í pẹ́ dé ìsàlẹ̀.