Ojú-Ìwé Inú Àṣẹ àti Ojú-Ìwé Alálàfo

Ọ̀nà méjì ni àwọn tí ń ṣe ètò fún íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà mú kí kọ̀ǹpútà apèsè gbé ojú-ìwé jáde fún ẹni tí ó bèèrè. Nínú ti ìṣáájú, àṣẹ ni a ń kọ láti òkè délẹ̀, a sì ń ki ọ̀rọ̀ ojú-ìwé bọ inú rẹ̀, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan láàrin àmì àyọlò. Nínú èkejì, ojú-ìwé ni a kọ́kọ́ ń kọ bí yóò ti rí, a ó sì fi àlàfo sílẹ̀ tí àṣẹ yóò dí. PHP tí Rasmus Lerdorf gbé jáde ní 1995 àti JSP tí ó dé fún àwọn tí ń lo Java ní 1999 wà fún ọ̀nà kejì yìí.

Kí ni kí a pè wọ́n? Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò kàn wọ́n. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó dá lé. Bí a bá pe ti ìṣáájú ní 'àṣẹ àfọwọ́kọ', olùkọ́ yóò rò pé bírò ni a fi kọ ọ́. 'Àwòṣe' kò sì yẹ èkejì, nítorí ohun tí à ń wò ṣe kì í wọ inú ohun tí a ṣe. Èmi fara mọ́ 'ojú-ìwé inú àṣẹ' àti 'ojú-ìwé alálàfo'. Ta ni kò dí àlàfo rí nílé-ìwé?

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa onímọ̀ èdè gan-an. Ká ní ilé-ìwé gírámà kan ní Odò-Ẹrẹ̀, ní ilẹ̀ Yàgbà, fẹ́ máa fi èsì ìdánwò han àwọn òbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó ṣe ètò náà ń gbé Ìbàdàn, 'Ẹ kú iṣẹ́' ni ó fi kí wọn. Olùkọ́ Yorùbá ibẹ̀ fẹ́ kí ó jẹ́ 'Òkun o', ìkíni tí ó sọ àwọn ará Òkun ní orúkọ. Bí ó bá jẹ́ ojú-ìwé inú àṣẹ, àfi kí ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Bí ó bá sì dá a ṣe, tí ó kọ 'Olú l'ó gba ipò kìn-ín-ní' bí a ti ń kọ ọ́ kí àkọtọ́ 1974 tó dé, àmì ìpajẹ kan ṣoṣo yẹn lè pa àmì àyọlò dé, kí gbogbo ètò dákú. Nínú ojú-ìwé alálàfo, kò léwu.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń ki ìṣirò máàkì bọ inú ojú-ìwé náà, kò ní í pẹ́ tí olùkọ́ kò fi ní í mọ ibi tí Yorùbá parí sí. Inú àṣẹ ni kí ìṣirò máa gbé.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ń ṣe ètò kì í sábà rántí: bí orúkọ tí yóò dí àlàfo bá jẹ́ ti àgbà, 'ó' tí ó tẹ̀lé e ní láti di 'wọ́n'. Kí olùkọ́ sọ èyí fún wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.