Òótọ́ àbí irọ́: Ṣé ìwé Marx ló ní kí Rọ́ṣíà sáré kọ́ ilé-iṣẹ́?

Ẹ dárúkọ Stalin láàárín àwọn tó fẹ́ràn àríyànjiyàn òṣèlú, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi ní: "Ìwé Marx ló pàṣẹ pé kí wọ́n sọ ilẹ̀ àgbẹ̀ di ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ wéré wéré. Bí Kọ́múníìsì ṣe ń ṣe nìyẹn." Ọ̀pọ̀ wa ló gba ọ̀rọ̀ yìí láìtú u wò. Èmi ní tèmi gbà pé irọ́ inú rẹ̀ pọ̀ ju òótọ́ lọ.

Ohun tí Marx ń retí ni pé ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, bíi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò ti kọ́kọ́ gba ìjọba. Ṣùgbọ́n Rọ́ṣíà ni ó ti wá ṣẹlẹ̀ ní 1917, níbi tí ó tó ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó jẹ́ ará oko. Ẹgbẹ́ tó ní òun ń ṣojú òṣìṣẹ́ bá ara rẹ̀ lórí àìmọye àgbẹ̀. Lenin, olórí ẹgbẹ́ náà, fúnra rẹ̀ gbà ní 1921 kí àgbẹ̀ máa ta irè oko rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tó kú ní 1924, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ibi tí owó ilé-iṣẹ́ yóò ti wá. Preobrazhensky ní àfi kí wọ́n gbowó ilé-iṣẹ́ lára àgbẹ̀. Bukharin ní kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ lówó lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì, Marx kan náà ni wọ́n kà. Báwo la ṣe wá fẹ́ sọ pé ìwé ló yan ọ̀nà fún wọn?

Ẹ wo 1927 kí ẹ rí ohun tó yàn án. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún náà, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já okùn àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú Sófíẹ́ẹ̀tì, ìròyìn ogun sì gba ìlú kan. Nígbà tó máa di ìgbà òtútù, àwọn àgbẹ̀ kò fẹ́ ta ọkà mọ́, torí owó tí ìjọba ń san kò tó nǹkan, ọjà tí wọ́n ìbá sì fowó náà rà kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù. Stalin gbéra lọ sí Siberia ní oṣù Kìíní 1928, wọ́n sì fi agbára gba ọkà náà. Ní oṣù Kẹwàá, Ètò Ọlọ́dún Márùn-ún láti sáré kọ́ ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Stalin ń bá àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní oṣù Kejì 1931, ó ka àwọn tó ti na Rọ́ṣíà rí: Mongol, Tọ́ọ̀kì, Sweden, Poland, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jàpáánì. Ó ní ìlú wọn ti fi àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀yìn, ọdún mẹ́wàá péré ni wọ́n ní láti bá àwọn yòókù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á tẹ̀ wọ́n rẹ́. Ẹ̀rù ogun ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Àwọn ọba Rọ́ṣíà, tí wọn kò rí Marx sójú rárá, ti sáré irú eré yìí rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà rélùwéè Siberia ní 1891. Witte, mínísítà ètò ìnáwó láti 1892 sí 1903, yáwó lókè òkun, ó sì ń ta ọkà àwọn àgbẹ̀ sí òkèèrè. Nígbà tó fi máa di 1913, Rọ́ṣíà ti ń ṣe irin tó tó mílíọ̀nù 4.2 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Nítorí náà, irọ́ gbáà ni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ kí Stalin tó dé.

Kí ló wá dé tí a fi gbà á gbọ́? Orúkọ Marx ni Stalin fi ń bo gbogbo ohun tó bá ṣe, inú àwọn ọ̀tá rẹ̀ náà sì dùn láti gba bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè dá ẹ̀kọ́ náà lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, ọrọ̀ ajé ayé dojú dé ní 1929: òṣìṣẹ́ ń wáṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ilé irin sì ń dìde ní Magnitogorsk ní Rọ́ṣíà. Ta ló máa wo ìyẹn tí kò ní ní ẹ̀kọ́ náà ló ṣiṣẹ́? Àwọn tó gbà á gbọ́ kò gọ̀. Ṣùgbọ́n àwòṣe ìlú Gary ní Amẹ́ríkà ni Magnitogorsk, ilé-iṣẹ́ Albert Kahn ti Detroit ló sì yàwòrán ilé-iṣẹ́ katakata Stalingrad. Nílẹ̀ wa, Sófíẹ́ẹ̀tì ni ìjọba gbé iṣẹ́ irin Àjàòkúta fún ní 1979, ìyẹn náà sì mú kí a máa rò pé ọmọ ìyá ni irin àti Kọ́múníìsì.

Ibi tí òótọ́ wà nìyí: ẹ̀kọ́ náà ló sọ ẹni tó máa ni ilé-iṣẹ́, ó sì fún wọn ní àwáwí láti di ẹrù ìnáwó náà ru àgbẹ̀. Wọ́n gba oko lọ́wọ́ onílẹ̀. Ní 1930 àti 1931, wọ́n ta ọkà tó sún mọ́ mílíọ̀nù márùn-ún tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún sókè òkun láti fi ra ẹ̀rọ. Títí di 1933, ìyàn pa àìmọye mílíọ̀nù ènìyàn ní Ukraine àti Kazakhstan. Irin tí wọ́n sì ṣèlérí, mílíọ̀nù mẹ́wàá tọ́ọ̀nù fún 1932, kò pé mẹ́fà.

Àwọn kan á ní Jámánì kúkú gbógun dé ní 1941, ilé-iṣẹ́ katakata Stalingrad náà sì ṣe ọkọ̀ ogun T-34. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ogun nìkan ló ń ba Stalin lẹ́rù, kí ló dé tó fi pa Tukhachevsky ní 1937, ọ̀gá ológun tó ń jà fitafita kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀? Ìkánjú náà tún fi gbogbo ará ìlú sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òfin oṣù Kọkànlá 1932 ní kí wọ́n lé òṣìṣẹ́ tó bá pa iṣẹ́ jẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo láìnídìí, kí wọ́n gba káàdì búrẹ́dì rẹ̀, kí wọ́n sì lé e kúrò nínú ilé tí iṣẹ́ fún un. Ìyẹn náà kò sí nínú ìwé Marx.