Ọkùnrin Tó Wọ Yẹ̀rì

Nínú àwọn aṣọ tí Jean Paul Gaultier, aránṣọ ará Faransé, gbé jáde fún ọdún 1985, ó rán yẹ̀rì fún ọkùnrin. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ ènìyàn: ṣé yẹ̀rì kì í ṣe aṣọ obìnrin ni?

Ní ọdún 2003, Metropolitan Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní New York, ṣe àfihàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n pàtẹ yẹ̀rì Gaultier pẹ̀lú kilt, aṣọ àbáláyé àwọn ọkùnrin Scotland. Àfihàn náà jẹ́ kó yé ni pé àṣà ló fi ṣòkòtò fún ọkùnrin, kì í ṣe ìṣẹ̀dá. Ní ilẹ̀ tiwa náà, bàbá tó ró aṣọ ńlá, tó gbé etí rẹ̀ kọ́ èjìká, ta ni yóò sọ pé kì í ṣe ọkùnrin?

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn ní ohun ìwọ̀ tó lé ní 33,000. Ìmọ́lẹ̀ a máa ba aṣọ jẹ́. Nítorí náà, inú òkùnkùn ni wọ́n ń tọ́jú wọn sí. Wọ́n sì ń kọ ìtàn wọn sílẹ̀: ta ló rán an, ọdún wo ni?

Agbádá bàbá àgbà tó wà nínú àpótí ńkọ́? Ta ló hun ún? Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́? Ẹni tó ti mọ̀wé kọ lè béèrè lọ́wọ́ àgbà, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àgbà bá lọ, aṣọ kò lẹ́nu tí yóò fi sọ ọ́.