Ogun kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ààrẹ nìkan: Iṣẹ́ tí òfin gbé lé àwọn sẹ́nétọ̀ lọ́wọ́

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, nígbà tí àwọn ṣọ́jà kan fẹ́ fipá gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Patrice Talon ní Kútọnu, kíá ni ìjọba Nàìjíríà rán bàálù ìjà àti àwọn ọmọ ogun lọ sí orílẹ̀-èdè Benin láti gbèjà ìjọba náà. Ọjọ́ 9, oṣù náà, ni wọ́n ka lẹ́tà Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà l'Ábùjá, ọjọ́ náà gan-an ni àwọn sẹ́nétọ̀ sì fọwọ́ sí i.

Kí ni òfin sọ? Abala karùn-ún nínú ìwé òfin ọdún 1999 là á kalẹ̀ pé Ààrẹ kò gbọ́dọ̀ kéde ogun àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì bá jókòó pọ̀ tí wọ́n sì fàṣẹ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ rán ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi Nàìjíríà láìkọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn sẹ́nétọ̀. Àmọ́ bí ewu bá ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí ìlú, Ààrẹ lè fọ̀rọ̀ lọ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ààbò, kó sì rán wọn lọ fún ìwọ̀nba ìjà. Láàrin ọjọ́ 7 tí ìjà bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá tọrọ àṣẹ. Àwọn sẹ́nétọ̀ sì ní ọjọ́ 14 láti gbà tàbí láti kọ̀.

Òfin kò fi ọjọ́ 14 yẹn ṣeré. Àsìkò ìbéèrè ni: ṣọ́jà mélòó ló ń lọ? Ìgbà wo ni wọn yóò padà? Ta ni yóò tọ́jú opó àti ọmọ ẹni tí kò bá padà wálé?

Àwọn sẹ́nétọ̀ ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger lóṣù Keje, ọdún 2023, Tinúbú kọ̀wé sí wọn lórí bí àjọ ECOWAS ṣe fẹ́ dá sí i. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹjọ, wọ́n ní kí wọ́n fi ìjíròrò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìpínlẹ̀ méje ní òkè ọya ló bá Niger pààlà. Ogun náà kò sì wáyé.

Lọ́dún 1990 tí ìjọba Babangida rán ọmọ ogun lọ sí Làìbéríà, kò sí aṣòfin tí ẹnikẹ́ni lè bi. Lónìí, wọ́n wà ńbẹ̀. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Kí àwọn aṣòfin máa béèrè dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, nítorí ọmọ àwọn tó dìbò yàn wọ́n ló ń lọ sójú ogun.