Ṣé O Mọ̀? Sólà Lórí Òrùlé Ẹgbẹ́ Aláàánú ní Yábàá

Ṣé o mọ̀ pé Ṣàngó ni wọ́n gbé dúró síwájú olú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná NEPA àtijọ́ ní Màrínà, l'Ékòó? Ben Enwonwu ló ṣe ère náà lọ́dún 1964. Ó ń ṣọ́ wọn láti ìgbà náà, síbẹ̀ lọ́dún 2024 nìkan, iná àpapọ̀ Nàìjíríà dákú ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ẹ má fi ẹ̀sùn kan Ṣàngó o.

Ṣé o mọ̀ pé Yábàá ni ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí kò wá èrè fi ṣe ilé? Ojú títì Herbert Macaulay ni Bosun Tijani àti Femi Longe ṣí Co-Creation Hub sí lọ́dún 2011. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dá BudgIT sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, àwọn tó ń tú ìwé ìṣúná ìjọba palẹ̀ fún mẹ̀kúnnù. Paradigm Initiative wà ní Borno Way. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ pé NEPA ló mú iná lọ.

Ṣé o mọ iye tí yúníìtì iná kan fò sí ní April 2024? Àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́, kúrò ní nǹkan bíi ₦68 bọ́ sí ₦225. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ₦68 ti di ìtàn. Ẹni tó sá wọ inú jẹnẹrétọ̀ kò rí ibi ìsádi níbẹ̀: nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn wà nínú òkùnkùn fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́? Ní October 2024 ni wọ́n gé iná wọn nítorí gbèsè. February 2025 ni iná padà. Bí ilé ìwòsàn ìjọba bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni ilé ọmọ aláìlóbìí máa wí?

Àbí o mọ̀ pé Aso Rock, ilé Ààrẹ gan-an, ń lọ sórí sólà? ₦10 bílíọ̀nù ló wà fún un nínú ìṣúná 2025.

Ṣé o mọ̀ pé páńẹ́ẹ̀lì sólà fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ooru? Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 25 lórí Celsius, agbára rẹ̀ á máa dín díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ fi máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín páńẹ́ẹ̀lì àti páànù kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó tún máa ń mú un dagun díẹ̀ sí gúúsù, kí òjò lè fọ eruku ọyẹ́ àti èéfín dánfó kúrò lójú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọ́fíìsì NGO kékeré kì í jẹ iná tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Kọ̀ǹpútà alágbèéká 5, wáàtì 50 lọ́kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù LED 6, wáàtì 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Fáànù 3, wáàtì 60 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, wáàtì 15. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 500. Tí wọ́n bá lò ó fún wákàtí 8, yúníìtì 4 ni. Oòrùn Èkó, tí a bá yọ ìkùukùu kúrò nínú rẹ̀, kò ju nǹkan bíi wákàtí 4 tó múná dáadáa lójúmọ́. Páńẹ́ẹ̀lì 3 tó jẹ́ wáàtì 550 lè gbé iṣẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé June àti July á máa fún un ní wàhálà.

Wàyí o, gbé ẹ̀rọ amúlétutù ẹyọ kan sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Wákàtí 4 péré, ó lè jẹ iye iná tí gbogbo òṣìṣẹ́ lò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe sólà ni kò dára. Ọ̀gá ni kó ṣí fèrèsé.

Ṣé o mọ̀ pé tánkì omi orí òrùlé lè ba gbogbo sólà jẹ́? Páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra máa ń dà bí ọkọ̀ lórí afárá Third Mainland: tí ẹyọ kan bá dúró, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà á dúró. Òjìji tánkì tó bá bo ẹyọ kan lè fa gbogbo wọn sílẹ̀. Ní Yábàá tí ilé fún pọ̀ mọ́ra yìí, ẹ gun òrùlé lọ wo òjìji láago mẹ́wàá àárọ̀ àti láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ onílé ṣòro ju ọ̀rọ̀ oòrùn lọ? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń gbé ilé àyágbé. Tí adéhùn ilé kò bá sọ pé páńẹ́ẹ̀lì lè bá ẹ lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá kó jáde, onílé lè sọ pé ara ilé ni. Olùdásílẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ kó o lọ sílé ara rẹ̀: NGO tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin CAMA 2020, àwọn alágbàtọ́jú rẹ̀ ló ń di dúkìá mú fún ẹgbẹ́. Mo mọ̀ pé èyí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú.

Ṣé o mọ̀ pé Nàìjíríà ni èrò àpótí sólà àwọn agbẹ̀bí ti wá? Lọ́dún 2008, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Laura Stachel, wá sí àríwá orílẹ̀-èdè yìí, ó rí i bí àwọn aboyún ṣe ń bímọ nínú òkùnkùn. Òun àti ọkọ rẹ̀, Hal Aronson, ló dá We Care Solar sílẹ̀. Àpótí aláwọ̀ ìyeyè ni: gílóòbù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ inú ṣe ń lù, àyè fún fóònù. Ẹgbẹ́ aláàánú ló ṣe é, iṣẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú ló sì ń ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé firíìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà tí kò lo bátìrì rárá? Oòrùn ló ń sọ omi di yìnyín nínú rẹ̀ lọ́sàn-án. Yìnyín náà á sì mú abẹ́rẹ́ tutù láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius di ọjọ́ kejì.

Ìjọba Èkó àti ìrànwọ́ ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà ti gbé sólà sí ilé ẹ̀kọ́ 172 àti ilé ìlera alábọ́ọ́dé 11 ní ìpínlẹ̀ náà. Ní Brixton, ní London, àwọn ará àdúgbò dá owó jọ lọ́dún 2012, wọ́n gbé páńẹ́ẹ̀lì sórí ilé ìjọba ní àdúgbò náà, wọ́n sì ń pín èrè. Ohun tí ẹgbẹ́ àdúgbò wa lè fi àjọ àti èsúsú ṣe nìyí, tí wọ́n bá fẹ́.

Ṣé o wá mọ ohun tó ń pa sólà ẹgbẹ́ aláàánú? Bátìrì ni. Páńẹ́ẹ̀lì lè lo ọdún 25. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó dára lè lo nǹkan bíi ọdún 10. Bátìrì olómi olójé sábà máa ń kú láàárín ọdún 3 sí 5, ọdún tí olùrànlọ́wọ́ ti ya fọ́tò rẹ̀ tán, tó ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Òjé inú òkú bátìrì náà sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, nítorí náà ẹ má kàn gbé e fún akólẹ̀.

Ìwọ tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ NGO kan ní Yábàá, kó o tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bùn sólà, bèèrè ta ló máa ra bátìrì ọdún karùn-ún. Jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.